Owó Díẹ̀, Wáìnì Gidi

Òkun o, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pín ọtí níbi ìnáwó. Kò ní pẹ́ tí olóde kan ní Kàbà tàbí Ìsánlú á fi kó owó tí kò tó nǹkan lé yín lọ́wọ́, á ní kí ẹ lọ ra wáìnì tó jọjú wá. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé kí n tó wo ìgò, kí n wo ṣọ́ọ̀bù.

Oòrùn wa kì í ṣàánú wáìnì. Ìgò tí wọ́n tò síta kí èrò ọ̀nà lè rí i, tí oòrùn ọ̀sán ń pa láti oṣù dé oṣù, ti bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ yín, ì báà ti Faransé wá. Ẹ fọwọ́ kan orí rẹ̀. Bí kọ́ọ̀kì bá ti yọrí, tàbí tí wáìnì ti sun sára ọrùn ìgò, ooru ti bá a jà nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n mú èyí tó wà nínú páálí lẹ́yìn wá. Bí ọlọ́jà bá fapá jánú, ṣọ́ọ̀bù ò tán nígboro.

Orúkọ ló ń jẹ owó jù. Wáìnì tó ti agbègbè Champagne ní Faransé wá nìkan ló ń jẹ́ ṣaǹpéènì, ẹni tó bá rà á sì gbọ́dọ̀ sanwó orúkọ. Cava, wáìnì onífòófó ti Spéìn náà, inú ìgò ló ti ń hó lẹ́ẹ̀kejì bíi ti ṣaǹpéènì, owó rẹ̀ sì fúyẹ́ dáadáa. Bó bá jẹ́ funfun, Chenin Blanc ti Gúúsù Áfíríkà ni mo máa ń wá. Bó bá jẹ́ pupa, Pinotage, àjàrà tí onímọ̀ àjàrà kan, Abraham Perold, fi oríṣi méjì bí ní Stellenbosch níbẹ̀ lọ́dún 1925. Ẹ wo ọdún ara ìgò o: wáìnì olówó pọ́ọ́kú kì í dàgbà kó dára, tuntun rẹ̀ ni kí ẹ rà. Ìdérí tí à ń yí ṣí ò sì burú rárá.

Ó wá ku ata. Wáìnì pupa tó ń fa ẹnu pọ̀, tí ọtí inú rẹ̀ tó 14%, tí ẹ gbé ka iwájú ẹni tó ń jẹ iyán àti ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ aláta, onítọ̀hún á ní wáìnì yín ò dáa. Bẹ́ẹ̀ ọtí ló ń mú kí ata ta á sí i. Èyí tó dùn díẹ̀, tí ọtí rẹ̀ ò ju 11% lọ, ló bá ọbẹ̀ wa mu. Àwọn kan á ní pupa kì í wọ fíríìjì. Ilé olótùútù ni òfin yẹn ti wá. Nínú ooru oṣù kẹta níbí, ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá ọlọ́jà ṣàdéhùn pé ìgò tí a ò bá ṣí, a óò dá a padà. Púpọ̀ wọn á gbà, bí bébà ara rẹ̀ ò bá ti ṣí. Omi yìnyín inú kúlà ló sì máa ń bó bébà náà, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kó ìgò sínú rẹ̀, bí àlejò bá ṣe ń jókòó.