Kò sí bass ní Abẹ́òkúta: ohun tí ìwọ̀ lè mú létí omi tiwa

Ẹni tó bá ti wo fídíò àwọn ará Florida rí, níbi tí wọ́n ti ń dúró sétí kánáàlì ẹ̀yìnkùlé wọn tí wọ́n ń fa ẹja bass jáde, á ti bi ara rẹ̀ bóyá Odò Ògùn náà ní irú rẹ̀. Kò ní. Ẹja Amẹ́ríkà ni bass ẹlẹ́nu ńlá. Wọ́n ti kó o lọ sí South Africa àti Kenya láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, àmọ́ kò sí nínú odò wa. Ẹni tó bá ní òun ra bass ní Láfẹ́nwá, ẹja inú yìnyín tó ti òkun wá ló rà.

Ọgbọ́n tí àwọn ará Florida fi ń pa bass ló wúlò fún wa. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa, bí omi bá sì ṣe ń gbóná sí i ni afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú rẹ̀ ń dín kù. Ibòji àti afẹ́fẹ́ ni ẹja irú omi bẹ́ẹ̀ ń wá kiri látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó mọ ibi tí ibòji wà, tó sì mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú omi, ọ̀pá ọparun rẹ̀ á pa ẹja ju ọ̀pá olówó ńlá ẹni tó kàn ń ju ìwọ̀ káàkiri lọ.

Ẹja tó jọ bass jù níwà lọ́dọ̀ wa ni èyí tí orí rẹ̀ rí bí orí ejò. Parachanna obscura ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ara rẹ̀ gùn, ó rí roboto, ó ní àbàwọ́n dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, eyín rẹ̀ sì mú. Kì í sáré lé ohun tó fẹ́ jẹ. Abẹ́ ojú oró àti òṣíbàtà ló ń ba sí, á dúró jẹ́ẹ́, ohun tó bá kọjá níwájú rẹ̀ ló ń gbá mú lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá rí ọ̀wọ́ ọmọ ẹja wínníwínní tí wọ́n kóra jọ sójú omi, tí wọ́n ń gbéra sókè sódò papọ̀, òbí wọn wà lábẹ́ wọn níbẹ̀, á sì bu ohunkóhun tó bá sún mọ́ wọn jẹ. Ó rọrùn láti mú un lọ́jọ́ náà, àmọ́ ẹ fi í sílẹ̀. Tí òbí bá ti kúrò, àwọn ẹja tó kù ló máa jẹ àwọn ọmọ náà tán.

Àrọ̀ àti epìyà kò nílò àlàyé púpọ̀, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n nínú ọbẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ létí omi ni pé àrọ̀ àti olórí ejò yìí lè gbé ẹnu sókè mí afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí. Epìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń sọ ìgbà tí ẹ máa lọ.

Ẹ wo adágún tí omi rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Lójú ọ̀sán, àwọn ewé wínníwínní tó sọ ọ́ di àwọ̀ ewé ń tú afẹ́fẹ́ sínú omi. Lóru, oòrùn kò sí, àwọn náà á wá máa bá ẹja pín ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀. Tó bá fi máa di aago márùn-ún ìdájí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí epìyà lójú omi ní ìdájí tí wọ́n ń ṣí ẹnu pàkàpàkà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ebi ló ń pa wọ́n, wọ́n á máa ju ìwọ̀ sí wọn lórí. Wọn kò ní jẹun. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ, kí ó gun díẹ̀, láti nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá ni kí ẹ dẹ ìwọ̀ epìyà nínú adágún, kí ẹ tún padà wá láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìdájí yẹn gan-an, àrọ̀ àti olórí ejò ni kí ẹ dojú kọ. Inú odò tó ń ṣàn, pàápàá níbi tí omi ti ń já láàárín òkúta, afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n níbẹ̀, epìyà sì lè jẹ láti àárọ̀ kùtùkùtù.

Ọ̀sán gangan ńkọ́? Ẹ sinmi. Tí ẹ ò bá lè sinmi, abẹ́ igi tó na ẹ̀ka bo omi tàbí abẹ́ afárá ni kí ẹ lọ.

Ọ̀pá wá kàn. Ẹ gé ọparun tín-ín-rín tó ti gbó, gígùn mítà 3 sí 4. Ẹ má sá a sí oòrùn, á là. Ṣóńṣó rẹ̀ ni kí ẹ fi so ó kọ́ sábẹ́ òrùlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè gbẹ ní títọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á kàn so okùn mọ́ ṣóńṣó ọ̀pá. Ọjọ́ tí ṣóńṣó yẹn bá kán, tẹja tokùn ló lọ. Ìdí ọ̀pá ni kí ẹ ti so okùn, kí ẹ yí i mọ́ ọ̀pá lọ́nà jíjìnnà síra títí dé òkè, kí ẹ tún ta kókó níbẹ̀. Bí ọ̀pá bá wá kán, okùn ṣì wà lọ́wọ́ yín. Èyí tó bá kù sílẹ̀ láti ṣóńṣó, ẹ jẹ́ kó kúrú ju ọ̀pá lọ díẹ̀, kí ìwọ̀ lè bọ́ sí yín lọ́wọ́ tí ẹ bá gbé ọ̀pá nàró.

Náílọ́ọ̀nù 0.25 sí 0.30 mílímítà tó fún epìyà. Fún àrọ̀ àti olórí ejò, 0.40 sí 0.50. Nọ́ńbà ìwọ̀ máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú: ìwọ̀ nọ́ńbà 10 kéré sí nọ́ńbà 4, tí nọ́ńbà bá sì ti dé 1, èyí tó tóbi tẹ̀ lé e ni 1/0, lẹ́yìn náà 2/0. Ẹnu epìyà kéré, nọ́ńbà 8 sí 12 ni kí ẹ rà. Àrọ̀ tó tó kílò kan sí mẹ́ta, 1/0 sí 3/0. Ẹni tó bá ń sọ pé epìyà odò òun gbọ́n, pé wọ́n ń jẹ ìjẹ tán láìmú ìwọ̀, kó lọ wo ìwọ̀ rẹ̀. Ó ti tóbi jù.

Kókó tí kì í tú nìyí, ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ẹ ki orí okùn bọ ojú ìwọ̀, ẹ fà á kọjá tó gígùn ìka. Ẹ wá yí orí okùn yẹn mọ́ okùn gangan lẹ́ẹ̀marùn-ún sí mẹ́fà. Ihò kékeré kan á wà lẹ́bàá ojú ìwọ̀, ẹ ki orí okùn bọ̀ ọ́. Bí ẹ ti ń ṣe ìyẹn, ihò ńlá mìíràn á ṣí sílẹ̀, ẹ tún kì í bọ ìyẹn náà. Ẹ fi itọ́ tàbí omi pa kókó náà kí ẹ tó fà á, kí ẹ sì rọra fà á. Gbígbẹ tí okùn bá gbẹ tí ẹ fà á pì, ooru fífi ara gbora á jẹ náílọ́ọ̀nù, ibẹ̀ náà ló sì máa já sí nígbà tí ẹja gidi bá dé. Ẹ gé ìrù tó kù, ẹ fi nǹkan bí mílímítà 3 sílẹ̀.

Ohun tó ń léfòó kò gbọdọ̀ tóbi. Ẹ gé e lára sìlípáàsì tó ti gbó, bí ìka ọmọdé ni kó mọ. Ẹ máa fi òjé kún òjé títí tó fi jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló yọ lójú omi. Tó bá yọ jù, epìyà á mọ̀ pé nǹkan kan ń fa oúnjẹ yìí sókè, á tutọ́ rẹ̀ dànù. Fún àrọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò, ìsàlẹ̀ pátápátá ni àrọ̀ ti ń jẹun. Isàlẹ̀ Odò Ògùn láàárín ìlú sì kún fún òkúta, òjé á máa há. Ẹ lọ tọrọ púlọ́ọ̀gì tó ti kú lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ fi náílọ́ọ̀nù tó fẹ́lẹ́ ju okùn yín lọ so ó mọ́ okùn náà dípò òjé. Tí púlọ́ọ̀gì bá há, òun nìkan ló máa já, ìwọ̀ àti ẹja á bọ̀ wálé.

Ìjẹ epìyà: ẹ ro ẹ̀bà líle, ẹ po ìyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ ọn kó má tètè yọ́ nínú omi, kí ẹ fi èyí tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ bo ṣóńṣó ìwọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ eèrí ògì kan ni kí ẹ dà sómi láti pè wọ́n, kí ẹ má dà ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹja tó ti yó kò ní wo tìwọ̀. Ekòló dára fún gbogbo ẹja, ṣùgbọ́n ìfun adìẹ tó ti sun ọjọ́ kan ni àrọ̀ máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Fún olórí ejò, ọ̀pọ̀lọ́ kékeré tàbí ọmọ epìyà tí a fi ìwọ̀ kọ́ lẹ́yìn. Nínú òṣíbàtà, ọgbọ́n àwọn apẹja bass ni pé kí ẹnu ìwọ̀ fara pamọ́ sínú ẹran ìjẹ, kó má baà máa kọ́ ewé. Ẹ jù ú sórí ewé, ẹ fà á díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún fà á dé ibi tí omi ti lanu láàárín ewé, ẹ jẹ́ kó rì sínú ihò náà. Níbẹ̀ ló ti máa gbá a.

Ibi tí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni fífà. Epìyà ń fẹ́ kí ẹ yára: bí ohun tó ń léfòó bá ti wọlé tàbí tó bá ń sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi ọrùn ọwọ́ gbé e, ẹ má fi apá fà á bí ẹni ń fa igbá omi. Olórí ejò, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ẹ tó fà, torí ó kọ́kọ́ ń di ìjẹ mú ní ìbú ni kó tó yí i sí ọ̀nà ọ̀fun. Àrọ̀, ẹ jẹ́ kí okùn máa lọ kí ẹ tó dá a dúró. Ẹ̀yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka tọ́ okùn wò láti ìwọ̀ dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30. Bó bá ń ha yín lọ́wọ́, ẹ gé ibẹ̀ dànù, ẹ tún kókó ta.

Ní ìgbà òjò, nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kún tó sì bo koríko etí odò, àrọ̀ á jáde síbẹ̀ láti yé ẹyin, ẹ wá wọn nínú omi tí kò ju orúnkún lọ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún Odò Ògùn ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Odò Ọ̀yán ń ṣàn sínú rẹ̀, tí wọ́n bá sì tú omi dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ti ń lò láti 1983, omi lè kún ní ìlú láìjẹ́ pé òjò rọ̀ níbẹ̀ rárá. Ẹ gún igi kan sí etí omi gan-an bí ẹ bá ti dé. Tí omi bá fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kọjá rẹ̀ láàárín wákàtí kan, ẹ kó ẹrù yín. Létí adágún dáàmù Ọ̀yán fúnra rẹ̀, ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi: ìgbín inú omi ibẹ̀ ń gbé kòkòrò àìsàn tí ń jẹ́ kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, kò sì nílò egbò kó tó gba awọ ara wọlé. Ẹni tó bá ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà. Ti Sokorí àti àwọn odò kéékèèké tó ń gba àárín ìlú kọjá, omi gọ́tà ló ń wọ inú wọn, ẹ má jẹ ẹja wọn.

Tí ohun tó wà lẹ́nu ìwọ̀ bá sanra, tí kò ní ìpẹ́, tí kò sì ní lẹbẹ kankan lórí ẹ̀yìn àfi kékeré kan nítòsí ìrù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òjíjí ni. Iná rẹ̀ lè tó nǹkan bíi 350 fóltì (volt). Ẹ fi ọ̀bẹ tí èèkù rẹ̀ jẹ́ igi gé okùn. Àrọ̀, ẹ fi àkísà tútù dì í mú lẹ́yìn ẹ̀gún méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ẹ̀gún yẹn ní eyín bí ayùn. Inú àpò tútù lábẹ́ ibòji, á wà láàyè dé ilé. Epìyà kì í pẹ́ kú, ẹ yọ ìfun àti ìjàgbẹ́ rẹ̀ létí omi níbẹ̀, kí ẹ kó o sínú kúlà oníyìnyín.

Bí ẹ bá sì débẹ̀ tí ẹ rí ẹja ńlá àti kékeré tí wọ́n kú léfòó papọ̀ láìsí ìwọ̀ lẹ́nu ọ̀kankan, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti da Gammalin 20 tàbí irú májèlé bẹ́ẹ̀ sómi. Ẹ má ṣa ẹyọ kan níbẹ̀, ẹ má sì dẹ ìwọ̀ síbẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kí wọ́n má pọn omi náà, kí ẹ máa lọ sílé.