Ẹ Máa Fi Pẹ́ńsùlù Ṣírò Kí Ẹ Tó Tan Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu MPH

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu MPH (oyè másítà nínú ìlera gbogbo ènìyàn) tàbí MSc epidemiology (ẹ̀kọ́ bí àrùn ṣe ń tàn kálẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn) lọ́wọ́ yìí, pàápàá ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin CHO (òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò), ẹ̀yin tí ẹ ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ́ sí kíláàsì òwúrọ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ra nóòtù kan tó nípọn. Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà máa bá yín ṣírò, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín ṣírò rẹ̀ sínú nóòtù yẹn, kí ẹ sì kọ déètì sórí ewé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Nóòtù ni Ọlọ́run fi yọ mí nínú ẹ̀sùn tí mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta mí lára títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni mí, ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ohun tó gbé mi dé ìdí MPH ni pé ó sú mi kí n máa kọ nọ́ńbà sínú rẹ́jísítà lóṣooṣù, kí n máa fi í ránṣẹ́ sókè, kí n má sì mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ.

Orí oògùn ibà tí a ń fún àwọn aláboyún ni mo gbé project mi kà. Ẹ mọ̀ ọ́n: SP, èyí tí àwọn ìyá ṣì ń pè ní Fansidar. Láti 2012 ni àjọ WHO ti ní kí aláboyún tó ń gbé níbi tí ibà ti pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà lò ó ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, láti ìgbà tí oyún bá ti wọ oṣù kẹrin, kí ó tó oṣù kan láàárín èyí tó lò àti èyí tó kàn, kó sì gbé e mì lójú òṣìṣẹ́ ìlera. Èmi ni mo máa ń gbé ife omi fún wọn. Mo mọ ìyá tó máa fi oògùn náà há ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó máa mu omi, tó máa kí mi pé “Ẹ ṣeun, mà,” tó sì máa lọ tu ú dànù lẹ́yìn géètì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó lò ó pé lóòótọ́ kì í sábà bí ọmọ tó fúyẹ́ jù. Mo mú àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò tó 2,500 gíráàmù lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, mo fi wọ́n wé àwọn tí ọmọ wọn tó bẹ́ẹ̀, mo wá padà sẹ́yìn lọ yẹ káàdì gbogbo wọn wò. Case-control nìyẹn. Irú rẹ̀ ni Richard Doll àti Austin Bradford Hill lò fún sìgá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní London, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1950.

Bàbá tó kọ́ wa ní biostatistics (ìṣirò nínú ìmọ̀ ìlera) ní sẹmẹ́sítà àkọ́kọ́ kò jẹ́ ká fọwọ́ kan SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn ṣírò. Báírò ni, ìwé ni, kalikulétọ̀ kékeré ni. Kíláàsì ń ráhùn, wọ́n ní bàbá ti di ará àtijọ́. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Mo máa ń gbé nóòtù mi lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, bí wọ́ọ̀dù bá ti parọ́rọ́, màá máa ṣírò.

Ọjọ́ defence, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró níwájú ìgbìmọ̀ láti ṣàlàyé project rẹ̀, wá dé. Òru ni mo ti fi se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bọ́ ìgbìmọ̀. Mo to kúlà omi àti mínírà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo wọ kóòtù dúdú tí mo yá lọ́wọ́ àbúrò mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ó ń lọ dáadáa. Mo dé ibi tí mo ti ya àwọn olóyún àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ti bímọ rí, ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Mantel-Haenszel, ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá gbé ọwọ́ sókè.

“Màdámú, ta ló bá yín ṣe èyí?”

“Èmi ni mo ṣe é, sà.”

“Mo ní ta ló bá yín ṣe é? Ẹ má parọ́ fún wa níbí.”

Mo tún un sọ pé èmi ni. Ó yíjú sí àwọn yòókù, ó ní, “Nọ́ọ̀sì ló jókòó, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe Mantel-Haenszel o.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn, ẹ̀rín àwọn tí ọ̀rọ̀ dá lójú ni. Ẹnìkan ní àwọn ọmọ oníkọ̀ǹpútà ẹnu géètì ló máa ń bá wọn ṣe é, pé owó wọn tilẹ̀ ti lọ sókè báyìí. Mo wo supervisor mi, ẹni tó ń tọ́ mi sọ́nà lórí project. Ọkùnrin tí mo ti gbé nóòtù mi fún, tó ti fi báírò pupa sàmì sí i níbi tí mo kọ ìdí tí mo fi pín wọn sí méjì. Ó ń fi àtàǹpàkò yí fóònù rẹ̀. Kò gbójú sókè.

Wọ́n ní kí n bọ́ síta, àwọn fẹ́ jíròrò. Mo dúró ní kọ́rídọ̀. Ìró tí mo ń gbọ́ láti inú ni ti ṣíbí lára àwo. Ìrẹsì mi ni wọ́n ń jẹ. Akọ̀wé ẹ̀ka jáde wá, ó bi mí bóyá omi tútù ṣì kù níbì kan, mo ní ó wà nínú kúlà kejì, ó wọlé padà. Nígbà tó tún jáde, ó ní wọn kò ní kéde èsì mi, pé wọ́n máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà àìtọ́, pé kí n máa lọ sílé, wọ́n á pè mí. Àwọn akẹgbẹ́ mi ti sáré wá: “Àǹtí, a kú oríire àbí?” Mi ò rí ohùn fi dá wọn lóhùn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Tèmi, wọn kò gbọ́ ẹjọ́ mi rárá kí wọ́n tó dá a.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá kan bímọ lóru, mo gbé ọmọ lé ìwọ̀n, ó jẹ́ kílò 2.3. Mo ń kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ohun tí wọ́n ní mi ò lè mọ̀ ni mo ń kọ yìí, iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ ayé mi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ì bá dára kí n ti fi ohùn líle dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró níwájú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹni kì í dúró ká tó wá sọ pé ohùn. Àwọn kan sì máa ní ìgbìmọ̀ kò jẹ̀bi, torí pé òótọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń sanwó fún ẹni tó ń bá wọn ṣe analysis. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló kan èmi níbẹ̀? Ṣé wọ́n bi dókítà tó ṣe defence ṣáájú mi? Kò sẹ́ni tó bi í.

Wọ́n pè mí padà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Mo gbé nóòtù lé orí tábìlì, déètì wà lórí ewé kọ̀ọ̀kan, àmì báírò pupa wà níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní máàkà, mo ya two-by-two, tábìlì alápòótí mẹ́rin, sójú pátákó, mo ṣírò rẹ̀, ìdáhùn bá ti inú project mu. Mo páàsì. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Nítorí náà, nóòtù. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tí mo máa ń fi kọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn mi ṣe é, kì í ṣe nọ́ńbà inú project mi. Ẹ mú ìyá 100 tí ọmọ wọn kò tó ìwọ̀n, àti ìyá 100 tí ọmọ wọn tó ìwọ̀n. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, 60 lo SP pé, 40 kò lò ó pé. Nínú àwọn ti ìkejì, 75 lò ó pé, 25 kò lò ó pé. Ẹ ya àpótí mẹ́rin, kí ẹ kó wọn sí i. 60 lọ́nà 25 jẹ́ 1,500. 40 lọ́nà 75 jẹ́ 3,000. Ẹ fi 3,000 pín 1,500, ó di 0.5. Odds ratio yín nìyẹn: bí ó bá jẹ́ 1, kò sí ìyàtọ̀; bí kò bá tó 1, oògùn ń dáàbò bo ọmọ. Ẹ wá fi 60 pín 1, ẹ fi 40 pín 1, ẹ fi 75 pín 1, ẹ fi 25 pín 1, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 0.095. Square root rẹ̀ jẹ́ 0.308. Bí ẹ bá fi 1.96 sọ ọ́ di púpọ̀, tí ẹ yọ ọ́ kúrò lára natural log (ln) 0.5, tí ẹ tún rò ó mọ́ ọn, tí ẹ wá fi exp dá méjèèjì padà, confidence interval yín, ìyẹn àlàfo tí iye tòótọ́ ṣeé ṣe kó wà, máa jẹ́ 0.27 sí 0.91. Kò kan 1. Ẹ̀yin fúnra yín ti rí i pé kò kan 1, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún yín.

Ẹ wò ó báyìí: bí ẹni tó ń tẹ dátà bá pe “kò lò ó pé” ní 1, tó pe “lò ó pé” ní 0, tí ẹ̀yin sì rò pé òdì kejì ni, SPSS máa gbé 2 jáde fún yín. Oògùn tó ń dáàbò bo ọmọ ti di oògùn tó ń ṣe ọmọ ní jàǹbá. Kọ̀ǹpútà kò ní pariwo. Tábìlì á rẹwà, ìlà rẹ̀ á tọ́. Ẹni tó ti fi pẹ́ńsùlù rí 0.5 nìkan ló máa mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Bàbá biostatistics wa máa ń sọ pé ẹni tó gbára lé kọ̀ǹpútà nìkan dà bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lójú tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà.

Bákan náà ni confounding, ìyẹn kí nǹkan mìíràn dà pọ̀ mọ́ ohun tí à ń wò. Ní agbègbè tí ibà ti pọ̀ bíi tiwa, olóyún àkọ́kọ́ ni ibà máa ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù, ọmọ àkọ́bí sì sábà máa ń fúyẹ́ ju àwọn àbúrò rẹ̀ lọ. Bí wíwá sí klíníkì àwọn olóyún àkọ́kọ́ bá wá yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá SP ló ń sọ̀rọ̀ tàbí oyún àkọ́kọ́? Ẹ ya two-by-two kan fún wọn lọ́tọ̀, ẹ ya òmíràn fún àwọn tó ti bímọ rí, kí ẹ wá pa méjèèjì pọ̀ bí Mantel àti Haenszel ṣe là á sílẹ̀ ní 1959. Gbogbo rẹ̀ kò ju ewé kan lọ nínú nóòtù. Ohun tí wọ́n ní nọ́ọ̀sì kò lè ṣe nìyẹn.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yẹn bà yín nínú jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni Florence Nightingale tó fi àwòrán nọ́ńbà fi han ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé àrùn ló ń pa àwọn ọmọ ogun wọn ju ọta ìbọn lọ. Ní 1858, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn onísítátísítíìkì ti London gbà wọlé. Nílẹ̀ wa níbí, ní 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì tó ń ṣiṣẹ́ ní Lassa ní Borno, ni àrùn tí a wá ń pè ní Lassa kọ́kọ́ mú tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ kú, nọ́ọ̀sì lòun náà. Penny Pinneo tó tọ́jú Shaw náà kó o, òun ló yè é. Iṣẹ́ yìí, ara wa ni wọ́n fi ṣe é kí ó tó dé inú kíláàsì.

Àwọn yòókù ṣókí. Ẹ gba ìwé àṣẹ ethics (ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a fi ń ṣèwádìí) kí ẹ tó bi ìyá kankan ní ìbéèrè kan, kí ẹ lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ewé àkọ́kọ́ nóòtù. Bí owó SPSS bá wọ́n jù, ọ̀fẹ́ ni R, ọ̀fẹ́ ni OpenEpi. Ní ti supervisor, ẹ má wo orúkọ ńlá, ẹ bi àwọn tó ti jáde lábẹ́ rẹ̀ bóyá ó máa ń lanu sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Gbogbo ohun tó bá sọ fún yín, ẹ kọ ọ́ sínú nóòtù, kí ó fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé nóòtù ni mo tún padà sí. Ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ padà sí.

Ẹni tó bá ti gba déètì defence, ẹ mú tábìlì kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì jù nínú project yín lálẹ́ òní, ẹ pa kọ̀ǹpútà dé, ẹ ṣírò rẹ̀. Bí ìdáhùn bá yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ lọ wo èwo lẹ pè ní 0 àti èwo lẹ pè ní 1.