Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọmọ àfín, ọ̀rọ̀ oòrùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú lọ́kùn-únkúndùn

Àfín lọmọ mi kejì. Èmi dúdú, bàbá ẹ̀ dúdú, kò sí àfín tá a mọ̀ nílé wa tàbí nílé wọn, làwọn kan bá ń bi mí bóyá mo rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tí mo lóyún. Ẹ jọ̀ọ́, kò sóhun tí ìyá kankan ṣe. Jíìnì ni, bíi ti AS náà ló ṣe rí, bàbá ní ẹyọ kan lára, ìyá ní ẹyọ kan, kò hàn lára ẹnì kankan, àmọ́ nínú oyún kọ̀ọ̀kan ìdá kan nínú mẹ́rin wà pé kí ọmọ gba méjèèjì. Ọmọ yẹn lara ẹ̀ ò ní lè ṣe melanin tó, ìyẹn ohun tó ń mú awọ dúdú tó sì ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn.

Ẹ má dúró dìgbà tí ara ẹ̀ bá pọ́n kẹ́ ẹ tó máa bò ó o. Oòrùn tó jẹ ẹ́ ní kékeré, tó bá dàgbà ló lè di egbò tí ò jinná, jẹjẹrẹ awọ ara ti pa ọ̀pọ̀ àfín nílẹ̀ Áfíríkà tí wọn ò tíì pé 40 ọdún. Ó dùn mí gan-an torí aṣọ lásán ì bá ti gba púpọ̀ nínú wọn là. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ṣòkòtò gígùn, akẹtẹ̀ tó gbòòrò, face cap ò tó torí kò bo etí àti ọrùn. Sunscreen, ìyẹn ìpara tó ń gba awọ lọ́wọ́ oòrùn, wọ́n, mo mọ̀, tówó bá wà ẹ ra SPF 30 sókè (SPF ni nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe lágbára tó), ẹ fi pa etí àti ẹ̀yìn ọrùn, ẹ tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì torí òógùn ń fọ̀ ọ́ lọ, bójú ọjọ́ ṣú náà ẹ pa á.

Ẹ lọ bá wọn ní school ẹ̀ kó máa dúró níbòòji tí wọ́n bá wà ní assembly, kó sì jókòó níwájú. Ojú àfín kì í ríran jìnnà, gíláàsì ò sì lè yanjú gbogbo ẹ̀. Tísà kan ń pe tèmi ní olódo, kò mọ̀ pé ọmọ ò rí bọ́ọ̀dù ni!

Ìyá ọkọ mi ní àfín kì í jẹyọ̀, kí n se ọbẹ̀ ẹ̀ lọ́tọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní Màámi, dọ́kítà ní iyọ̀ ò ṣe é ní nǹkan kan. Ìkòkò kan náà ni gbogbo wa ń jẹ báyìí.

Tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ fún un, ẹ máa wo ara ẹ̀ dáadáa. Egbò tó bá ti lé lóṣù kan tí ò san, ẹ má wulẹ̀ máa fi ewé sí i, ẹ gbé e lọ bá dọ́kítà awọ ara, tí wọ́n bá tètè gé e kúrò ó máa ń san.