Ìgò tí wọn ò dà nù

Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ìdí tí mo fi dákẹ́, èmi rèé o. Mo ṣì rù, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà.

Ọ̀sẹ̀ 5 gbáko ni ibà fi mí ṣeré. Láàárọ̀ ara á fúyẹ́, màá tilẹ̀ gbálẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òtútù á dé, ara á gbóná kọjá 39, tó bá sì di òru, òógùn á rin bẹ́ẹ̀dì gbingbin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ṣe Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbé oògùn mì. Wọ́n wá ibà ẹ̀fọn títí, wọn ò rí i. Ẹnì kan nínú yín (o mọ ara rẹ) ní nígbà tí àyẹ̀wò ò ti rí nǹkan, iṣẹ́ ni mò ń sá fún. Ẹlòmíì ní kí n lọ wá ẹni tó wà nídìí ẹ̀. Mo gbọ́ o. Mi ò tíì gbàgbé.

Bọ̀ọ̀dá láàbù ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù, wọ́n wọlé pẹ̀lú ìgò 4, tí wọ́n máa ń da ẹ̀jẹ̀ sí láti wò ó bóyá kòkòrò á hù níbẹ̀. Kí wọ́n tó mú abẹ́rẹ́, wọ́n bi mí bóyá mo ṣì ń lo oògùn apakòkòrò. Mo ní dókítà ti ní kí n dá a dúró. Wọ́n ní ó dáa, torí oògùn lè ṣe é kí kòkòrò má hù nínú ìgò, síbẹ̀ kó ṣì wà lára. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n tún fa ti òsì. Mo kùn pé ó ti pọ̀ jù. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, kòkòrò yìí lè ṣọ̀wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n fà á kó tó."

Ọjọ́ karùn-ún pé, kò sí ohun tó hù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ nọ́ńbà tí mo fi ń ṣí fóònù mi sínú ìwé, mo fún àbúrò mi. Kò bi mí léèrè, ó kàn ká a sápò.

Bọ̀ọ̀dá ò da ìgò nù. Wọ́n ní àwọn kòkòrò kan wà tí kì í kánjú. Ọjọ́ keje ni wọ́n wá dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi: "Ẹ máa ń mu wàrà tí wọn ò sè?"

Ọ̀sẹ̀ 5, ẹnikẹ́ni ò bi mí! Èmi náà tí mo máa ń fọ́nnu pé èyí tí iná ò kàn ló ń ṣara lóore. Brucella ni orúkọ kòkòrò tó hù nínú ìgò náà. Dókítà kan tó ń jẹ́ David Bruce ti rí i ní erékùṣù Malta lọ́dún 1887. Nígbà tó di 1905, Zammit, dókítà ará Malta, rí i pé ara ewúrẹ́ ló ń gbé, wàrà wọn ló sì ń gbé e dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Èmi ni mi ò mọ̀.

Ẹ gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́kún: tí wọ́n bá ṣí ìgò yẹn láìṣọ́ra, ẹni tó ṣí i lè fà á símú. Àwọn òṣìṣẹ́ láàbù máa ń kó o. Ẹni tó ń wá àìsàn mi ì bá ti kó o.

Ẹ̀yin tí ibà yín ò lọ, ẹ yé é gbé oògùn mì kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Widal ẹyọ kan ṣoṣo ò tó gbá mú. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń jẹ àti ohun tí ẹ ń mu fún wọn, kódà tí wọn ò bá bi yín.

Oògùn apakòkòrò méjì, doxycycline àti rifampicin, ni mo lò fún ọ̀sẹ̀ 6. Àná ni mo lo èyí tó kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀dì mi gbẹ mọ́júmọ́. Àbúrò mi ti dá ìwé yẹn padà, ó ní òun ò ṣí i wò. Bọ̀ọ̀dá, mò ń bọ̀ wá kí yín lọ́jọ́ Ajé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá wọ láàbù mọ́ mi lọ́wọ́.