Ẹ Má Fi Àpá Yan Iṣẹ́ Abẹ Ẹ̀dọ̀

Kókó tí síkáànù fi hàn nínú ẹ̀dọ̀ bùrọ̀dá mi kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Kò sí ibi tó ń dùn wọ́n. Àrùn mẹ́dọ̀wú B tó ti wà lára wọn tipẹ́ ni dókítà ṣe ní kí wọ́n máa ya síkáànù ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, òun la fi tètè rí jẹjẹrẹ náà.

Ilé wa ní Gáà Akanbí kún lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá wa àgbà tó ti Ọ̀ffà wá ní àwọn ò ní gbà kí wọ́n la ikùn ọmọ àwọn, nígbà tí wọ́n lè gba ojú ihò kéékèèké ṣe é. Èmi náà gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpá nìkan la sọ mọ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ya ẹ̀dọ̀ sórí bébà. Ó ní ibì kan náà ni wọ́n máa gé kúrò nínú ẹ̀dọ̀, ìbáà jẹ́ ojú ihò ni wọ́n gbà, ìbáà jẹ́ pé wọ́n la ikùn. Òótọ́ ni pé ti oníhò kì í fa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ìrora rẹ̀ kéré, aláìsàn sì máa ń tètè relé. Tí kókó bá wà létí ẹ̀dọ̀ níwájú, tí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ sì ti mọ́ ọn, ẹ mú un. Ṣùgbọ́n ti bùrọ̀dá wà lẹ́yìn pátápátá, ó fara ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Mo ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń jó kókó ńkọ́? Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa pa ooru iná náà kú, bí ìgbà téèyàn ń da omi sí ààrò. Jẹjẹrẹ lè ṣẹ́ kù.

Àpá tó yẹ kó bà wá lẹ́rù wà nínú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó dáa máa ń hù padà tí wọ́n bá gé e. Èyí tí mẹ́dọ̀wú ti sọ di líle kò lágbára yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ló yẹ àwọn kan, bí kókó wọn tilẹ̀ kéré. Ẹ bèèrè: ṣé èyí tó máa ṣẹ́ kù á lè ṣiṣẹ́? Ẹ tún fi ìrẹ̀lẹ̀ bi dókítà pé mélòó irú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe. Inú tiwa ò bàjẹ́ sí i.

Wọ́n la ikùn náà. Ara bùrọ̀dá ti yá, oògùn mẹ́dọ̀wú wọn kì í tán nílé, síkáànù ò sì dúró. Gbogbo àwa ọmọ ìyá ti ṣe àyẹ̀wò. Àkọ́bí wọn, tí wọ́n bí kí abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú tó wọ àwọn ti ọmọdé ní Nàìjíríà ní 2004, ló ku abẹ́rẹ́ kẹta. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni màá mú un lọ.