Konya, Perge àti ìjà lórí ẹni tó ni orúkọ ìlú

Kí n tó mọ̀ pé orílẹ̀-èdè kan ń jẹ́ Tọ́kì ni mo ti mọ orúkọ àwọn ìlú ibẹ̀ lórí. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì dé ìdajì, Éfésù, Pẹ́gà àti Ìkóníónì kì í ṣe àjèjì sí i mọ́. Nígbà tí àbúrò mi tó ń kàwé ní Ankara ní kí n wá kí òun, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi í ni pé ìlú wo ni Ìkóníónì lónìí. Ó rẹ́rìn-ín. "Konya ni, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ tí ẹ bá débẹ̀, ẹ múra sílẹ̀ o. Wọ́n á sọ fún yín pé Tọ́kì ló ni orúkọ yẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀."

Mi ò ní pẹ́ lórí Istanbul. Àwọn tó ti ya fọ́tò rẹ̀ ti tó. Kí n kàn sọ ti orúkọ rẹ̀. Àwọn Gíríìkì àyíká ibẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà pe Kọnsitantinópù, orúkọ rẹ̀ àtijọ́, ní gígùn bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ń lọ síbẹ̀, "eis tin polin" ni wọ́n ń sọ, ìyẹn "sí ìlú", bí ará abúlé ṣe máa ń ní òun ń lọ sígboro. Èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó di Istanbul lẹ́nu àwọn Tọ́kì. Nígbà àwọn Ottoman, ìdílé ọba Tọ́kì tó jọba níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan tún yí i sí İslambol, ibi tí Ìsìláàmù kún fọ́fọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí owó ẹyọ. Etí ló gbọ́ orúkọ àjèjì, ó ní òun mọ̀ ọ́n.

Símínà inú Ìfihàn náà kò lọ síbì kan, òun ni İzmir. Ẹnu Tọ́kì kò fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì so pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹnu tiwa náà kò fẹ́ ẹ. Àwa máa ń ti fáwẹ̀lì bọ àárín wọn, a sọ ilé ìwé òyìnbó di súkúù. Àwọn ní tiwọn a gbé fáwẹ̀lì síwájú, ni ibùdókọ̀ rélùwéè wọn fi ń jẹ́ istasyon. Smyrna gba ọ̀nà yẹn kọjá, ó di İzmir.

A wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré bí ọfà láti Istanbul lọ sí Konya. Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ dúró ní Eskişehir, àbúrò mi sì sọ fún mi pé ìtumọ̀ orúkọ náà ni Ìlú Àtijọ́. Mo ronú sí i títí. Ẹni tó bá tẹ ìlú dó kì í sọ ọ́ ní Ìlú Àtijọ́ lọ́jọ́ tó tẹ̀ ẹ́ dó. Lẹ́yìn tí àwọn Seljuk, ìran Tọ́kì kan, ṣẹ́gun ọba Róòmù ti ìlà oòrùn ní Manzikert ní ọdún 1071, tí àwọn Tọ́kì rọ́ wọ ilẹ̀ náà, wọ́n bá àwókù ìlú Dorylaion nítòsí ibẹ̀, wọ́n sì fi ohun tí ojú wọn rí sọ ibùdó wọn lórúkọ. Orúkọ Tọ́kì gidi nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí pé ẹlòmíràn ti gbé ibẹ̀ rí.

Konya gbóná, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, eruku rẹ̀ sì ń wọni nímú. Mo ṣe gbogbo ohun tí àlejò ń ṣe: mo wo òrùlé aláwọ̀ ewé tó wà lórí ibojì Mevlana, akéwì àti olùkọ́ Ìsìláàmù ìgbàanì, mo jẹ etliekmek, búrẹ́dì pẹlẹbẹ gígùn tí wọ́n fi ẹran lílọ̀ bò, tó gùn ju apá mi lọ. Àmọ́ orí òkè Alaeddin ni mo fẹ́ràn jù. Láàárín ìlú gan-an ló wà, ọkọ̀ tíráàmù ń yí i po, mọ́ṣáláṣí àwọn sultan Seljuk sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní òkè yẹn kì í ṣe òkè àdáyébá. Ilé ló wó lulẹ̀, tí wọ́n kọ́ òmíràn lé e, tí ìyẹn náà wó, fún ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan.

Ibẹ̀ la ti jókòó mu tíì lábẹ́ igi, tí bàbá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dá sí ọ̀rọ̀ wa. Olùkọ́ ìtàn ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Àbúrò mi ń túmọ̀, bàbá sì ń fi ṣíbí kékeré ro ṣúgà inú ife, ṣíbí náà ń dún kíní kíní bó ṣe ń kó àlàyé jọ.

Ó fi ìtàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹni mímọ́ kan fò wá láti Horasan, ilẹ̀ kan lápá ìlà oòrùn, wọ́n ń wá ibi tí wọn ó bà sí. Wọ́n dé òkè ibí yìí, ọ̀kan ní, "Ṣé ká bà?" Èkejì dáhùn pé, "Kon ya!", ẹ bà kẹ̀! Bí ìlú ṣe di Konya nìyẹn. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun mọ̀ pé ìtàn ọmọdé nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí asán ni wọ́n gbé e kà. Ó wá gba ọ̀nà mìíràn yọ. Tírọ́ì, ìlú àtijọ́ inú ìtàn ogun àwọn Gíríìkì, àti Turk, ó ní, ṣé a kò gbọ́ bó ṣe dún ni? Àwọn Etruscan tó wà ní Ítálì kí Róòmù tó di Róòmù ńkọ́? Ó ní Tọ́kì ni wọ́n. Ó ní idajì orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń fi yangàn, Kọ́ríńtì ni o, òkè Parnassos ni o, kò nítumọ̀ kankan nínú èdè Gíríìkì. Ta ló wá ni wọ́n?

Mo jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀ tán. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé apá tó kẹ́yìn yẹn, òtítọ́ ni. Àwọn onímọ̀ èdè ti rí i láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé orúkọ tó parí sí -nthos àti -ssos kún ilẹ̀ Gíríìsì àti ilẹ̀ Tọ́kì ìsinsìnyí, tí àwọn Gíríìkì sì bá ọ̀pọ̀ wọn nílẹ̀ ni. Kọ́ríńtì tí Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà sí wà lára wọn. Ibi tí bàbá ti ṣìnà ni pé bí nǹkan kò bá ti jẹ́ ti Gíríìkì, ó di tiwọn nìyẹn. Òkúta tí wọ́n kọ ní 732, tó wà ní àfonífojì Orkhon ní Mongolia, wà lára ìwé Tọ́kì tó lọ́jọ́ lórí jù tí a ní lọ́wọ́. Orúkọ tó ti wà lẹ́nu àwọn Gíríìkì fún ju ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú ìyẹn, tí ó sì wà létí òkun Aegean, ṣòroó gbé dé ọ̀hún.

Ti Tírọ́ì yìí tilẹ̀ ti pẹ́. Ní sẹ́ńtúrì 15, àwọn akọ̀wé Látìn ní Yúróòpù máa ń pe àwọn Tọ́kì ní Teucri, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan lára orúkọ àwọn ará Tírọ́ì nìyẹn. Kritoboulos, Gíríìkì tó kọ ìtàn Sultan Mehmed Kejì, sọ pé nígbà tí sultan náà ya Tírọ́ì ní 1462, ó ní Ọlọ́run ló fi òun ṣe ẹlẹ́san fún ìlú náà. Orúkọ tó jọ ara wọn lè wúlò fún ọba púpọ̀.

Nígbà tí a padà sí Ankara ni mo rí ibi tí bàbá ti rí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́. Ní Sıhhiye, ère ńlá kan dúró sáàárín ọ̀nà, òbìrí oòrùn tí àwọn ará Hatti, tó ti wà nílẹ̀ náà kí àwọn ará Hítì tó dé, fi ń sin òkú ọba wọn ni wọ́n fi ṣe àwòkọ rẹ̀. Ìjọba tuntun Atatürk, ààrẹ àkọ́kọ́ Tọ́kì, fi orúkọ ilẹ̀ àtijọ́ sọ báńkì, Sümerbank ní 1933, Etibank ní 1935, èyí tó tọ́ka sí àwọn ará Hítì, bí ẹni tó ń fi orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ sọ ọmọ. Ní 1936, níbi àpérò ńlá lórí èdè ní ààfin Dolmabahçe, wọ́n gbé ẹ̀kọ́ kan jáde tí wọ́n pè ní Güneş Dil Teorisi, Ẹ̀kọ́ Oòrùn àti Èdè. Ó ní ènìyàn àkọ́kọ́ wo oòrùn, ẹnu yà á, ó ké "ağ!", inú igbe yẹn ni èdè ti sú yọ, Tọ́kì sì ni àkọ́bí gbogbo wọn. Pẹ̀lú irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀, kò sí orúkọ tí ènìyàn kò lè gbé dé ilé ara rẹ̀. Atatürk kú ní 1938, ẹ̀kọ́ náà kò sì pẹ́ tẹ̀lé e.

Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní May 1919 ni ọmọ ogun Gíríìsì gúnlẹ̀ sí İzmir, lára ohun tí wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ni pé ilẹ̀ àwọn baba wọn ni. Ẹni tí wọ́n bá fi ìtàn gbà nílé yóò wá ìtàn tó dàgbà ju ìyẹn lọ. Ilé tiwa náà kò kúkú ṣófo: ṣebí a ní àwọn tó sọ Lámúrúdu di Nímúródù, tí wọ́n ní Mẹ́kà ni Odùduwà ti wá.

Ìdáhùn tí mo wá dé Ankara wà nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lábẹ́ odi ìlú, nínú ọjà alórùlé rìbìtì kan láyé àwọn Ottoman. Ìwé idẹ ni. Wọ́n hú u jáde ní 1986 ní Hattuşa, olú ìlú àwọn ará Hítì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35, ìwọ̀n rẹ̀ kílò 5, ẹ̀wọ̀n idẹ tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Mo tẹ orí sún mọ́ gíláàsì. Ẹsẹ lẹ́tà rẹ̀ kéré, ó sì mú, ó jọ pé ẹyẹ tínńtín rìn lórí rẹ̀ kọjá. Májẹ̀mú ló wà nínú rẹ̀, láàárín Tudhaliya Kẹrin, ọba Hatti, bí àwọn ará Hítì ṣe ń pe ilẹ̀ wọn, àti Kurunta, ọba Tarhuntassa, ní sẹ́ńtúrì 13 ṣáájú Kristi. Wọ́n ka ààlà ilẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹni tó ń pín ilẹ̀ ẹbí níwájú baálẹ̀, títí wọ́n fi dé ìlú Parha, tí wọ́n ní odò Kastaraya ni ààlà lápá ibẹ̀. Wọ́n tún fi kún un pé bí ọba Hatti bá fogun gba Parha, ọba Tarhuntassa ni yóò jogún rẹ̀. Parha ni Pẹ́gà inú Bíbélì. Kastaraya ni odò tí àwọn Gíríìkì wá ń pè ní Kestros.

Nínú àwọn ìwé amọ̀ Hítì náà ni orúkọ Ikkuwaniya ti jáde. Ìkóníónì nìyẹn, Konya nìyẹn. Kí àwọn Tọ́kì tó gbọ́ "ẹ bà kẹ̀" nínú rẹ̀, àwọn Gíríìkì ti gbọ́ "eikon", ère, wọ́n sì ti hun ìtàn pé Perseus, akọni inú ìtàn wọn, gbé ère orí Medusa kalẹ̀ síbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ti ẹ̀yìn dé.

Ẹnì kan lè bi mí pé báwo ni a ṣe mọ̀ pé àwọn onímọ̀ Hítì kò fi etí lásán gbọ́ tiwọn. Ní 1915 ni Hrozný, onímọ̀ èdè ọmọ Czech, kéde pé èdè Hítì bá èdè Yúróòpù tan. Nínú gbólóhùn kan tó dá a lójú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jíjẹ búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e sì ni "watar". Omi ni. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á rẹ́rìn-ín. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, òun àti bàbá olùkọ́ ìbá jọ mu tíì. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe ń yí padà fún èmi, ìwọ àti àwọn, ó tò ó lésẹẹsẹ, wọ́n sì bá ara wọn mu. Ìwé amọ̀ tí wọ́n hú lẹ́yìn ìgbà náà kò sì já a ní irọ́.

Mo fi àbúrò mi sílẹ̀ ní Ankara, mo gbọ̀nà Antalya, nítorí pé n kò lè ka ààlà ilẹ̀ lórí idẹ kí n má lọ wò ó. Antalya fúnra rẹ̀ kò ní ìjà nínú: ọba Attalos Kejì ti Págámù ló tẹ̀ ẹ́ dó, Attaleia ló ń jẹ́, òun ni Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ti wọ ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Pẹ́gà. Perge, ìyẹn Pẹ́gà, kò jìnnà síbẹ̀. Oòrùn ibẹ̀ kò ṣeé fi ọwọ́ bò. Òpó òkúta tò lọ bí ẹni tò sójú ìlà, kòtò omi gígùn gba àárín títì kọjá.

Ẹnu ọ̀nà Plancia Magna ló dá mi dúró. Obìnrin olówó kan ni, ní sẹ́ńtúrì kejì lẹ́yìn Kristi, tó tún ẹnubodè ìlú ṣe, tó sì to ère àwọn tó tẹ ìlú dó sínú ihò ògiri. Kalchas wà níbẹ̀, Mopsos wà níbẹ̀, akọni Gíríìkì tí wọ́n ní ogun Tírọ́ì ló gbé wọn dé ìhà ibẹ̀. Bàbá Plancia àti arákùnrin rẹ̀ náà wà lára wọn, wọ́n fún àwọn náà ní oyè atẹ̀lúdó. Níbi tí mo dúró sí, ẹ̀rín pa mí. Ní ọdún tí wọ́n ń gbẹ́ òkúta wọ̀nyẹn, orúkọ Parha ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lórí idẹ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Hattuşa. Plancia kò mọ̀, bí ó bá sì mọ̀, kò dá mi lójú pé yóò gbé ọba Hítì kan sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Gíríìkì ló níyì nígbà náà.

Kastaraya ṣì ń ṣàn ní tiẹ̀. Aksu ni wọ́n ń pè é báyìí, Omi Funfun, Tọ́kì pọ́nńbélé, wọ́n sì fi sọ ìlú kékeré tó wà lẹ́bàá àwókù náà lórúkọ. Nínú dolmuş tó ń gbé mi padà, mo fi ìwọ̀nba Tọ́kì tí mo gbọ́ bi awakọ̀ bóyá odò yẹn ní orúkọ mìíràn tẹ́lẹ̀. Ó ní Aksu ni, Aksu ni bàbá bàbá òun bá a. Ó wá ní kí n tètè lu káàdì mi, kí n sún sẹ́yìn, èrò ń wọlé.