Iṣẹ́ tí mo bá ti fọwọ́ ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ẹ̀kẹrin

Ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, n'Íbàdàn níbí, orí tábìlì tá a ti ń jẹun ni láptọ́ọ̀pù mi ń gbé. Táìpù ni iṣẹ́ mi. Mò ń ṣe próójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ yunifásítì, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìgbéyàwó, lẹ́tà, àti iṣẹ́ Yorùbá tó ní àmì lórí, èyí tí ọ̀pọ̀ onítáìpù máa ń sá fún. Àgbowó ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà tò lọ bẹẹrẹ. Ohun tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ ni kọ́wọ́ wa yá. Ọwọ́ mi sì yá lóòótọ́, ẹ gbọ́, ọwọ́ mi yá gan-an, àmọ́ tí mo bá gbé iṣẹ́ wálé, aago méjì òru ṣì máa ń bá mi nídìí ẹ̀, ọrùn á ti gan, ojú á máa ta mí, àwọn ọmọ á ti sùn lọ láìtíì rí mi bá sọ̀rọ̀.

Kọ́pà kan ló là mí lójú. Próójẹ́ẹ̀tì másítà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló gbé wá, ojú ìwé bí 140, súpáfáísà sì ti ní kí wọ́n fi nǹkan kún Chapter Two. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Tí nǹkan bá ti wọ Chapter Two, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló máa ṣí kúrò láyè ẹ̀. Ni mo bá mú bébà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, Chapter Three ti kúrò ní 41 ó ti di 44, 3.1 ti di 45, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí n tó wá padà lọ sí Table of Contents, ibi tí wọ́n to àwọn àkòrí àti nọ́ńbà ojú ìwé wọn sí níwájú ìwé, lọ máa pa nọ́ńbà rẹ́, kí n máa tẹ tuntun, kí n tún máa to àwọn dọ́ọ̀tì yẹn kí wọ́n lè gún. Ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ó ń wò mí. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ má bínú mà, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣe èyí?" Mo ní fún ìwé yìí nìkan, ó ti di ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá yín kà á mà. Ẹ jẹ́ n fi hàn yín."

Ó gbé kọ́sọ̀, ìlà kékeré tó ń ṣẹ́jú níbi tá a ti ń tẹ̀wé, sí orí àkòrí Chapter One, ó tẹ Ctrl+Alt+1, ìyẹn sọ fún Word, ètò tá a fi ń táìpù, pé àkòrí ńlá nìyí. Èyí tó kéré sí i, ó tẹ Ctrl+Alt+2. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ dé òpin, kò sì pẹ́, torí orí àwọn àkòrí nìkan ló ti ń tẹ̀ ẹ́. Ó wá lọ sí References, ó mú Table of Contents, gbogbo ẹ̀ sì jáde fúnra ẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, dọ́ọ̀tì wà níbẹ̀, ó gún régé. Ó ní tí súpáfáísà bá tún ní kí wọ́n fi nǹkan kún un, kí n kàn gbé kọ́sọ̀ sínú ẹ̀, kí n tẹ F9, kí n mú "Update entire table". Mo gbìyànjú ẹ̀ lójú ẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo dákẹ́ fúngbà díẹ̀, mo ń rántí gbogbo òru tí mo ti fi ka ojú ìwé láti bí ọdún mẹ́fà.

Ọjọ́ yẹn ni mo fi òfin kan lélẹ̀ fún ara mi, pé iṣẹ́ yòówù tí mo bá ti fọwọ́ ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò gbọ́dọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin láìkọ́kọ́ wádìí bóyá kọ̀ǹpútà lè bá mi ṣe é. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ látìsinsìnyí, inú òfin yẹn ló ti wá.

Bí àpẹẹrẹ, tí ẹ bá fẹ́ bọ́ sí ojú ìwé tuntun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yé máa tẹ Enter, Enter, Enter títí ojú ìwé á fi ṣí. Ctrl+Enter ni. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wá fún mi láti tún ṣe, ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́.

Àmọ́ ibi tí òfin yìí ti gbà mí jù ni iṣẹ́ Yorùbá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni mò ń fi Ctrl+U fa ìlà sábẹ́ e àti o àti s. Lórí bébà, kò burú. Àfi ìgbà tí oníbàárà kan ní kí n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù òun, gbogbo ìlà bá pòórá, ẹsẹ̀ di ese, ọ̀ṣọ́ di oso, ìwé oríkì odindi ìdílé di nǹkan tí ò ṣeé kà. Ojú tì mí. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé ìlà tí mo ń fà kì í ṣe ara lẹ́tà, aṣọ lásán ló jẹ́, ibi tí wọ́n bá ti bọ́ ọ ló ń ṣubú sí. Lẹ́tà gidi wà. Nínú Word, ẹ tẹ 1EB9, kẹ́ ẹ tẹ Alt+X tẹ̀ lé e, ẹ máa rí ẹ. 1ECD ni ọ, 1E63 ni ṣ. Fún àmì orí ẹ̀, ẹ tẹ 0301 fún àmì ohùn òkè tàbí 0300 fún àmì ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà náà, kẹ́ ẹ tún tẹ Alt+X. Ní ti á àti à lásán, kò nílò wàhálà yẹn rárá, ẹ di Ctrl mú kẹ́ ẹ tẹ ' (fún òkè) tàbí ` (fún ìsàlẹ̀), ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ a.

Èèyàn á ní ta ló fẹ́ máa tẹ nọ́ńbà ní gbogbo ìgbà, òótọ́ ni, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo bá lọ sí Insert, Symbol, More Symbols, mo wá ẹ jáde, mo tẹ Shortcut Key, mo fún un ní Alt+E. Mo fún ọ ní Alt+O, mo fún ṣ ní Alt+S, àmì ìsàlẹ̀ ní Alt+1, àmì òkè ní Alt+2. Ọ̀sẹ̀ kan ni ọwọ́ mi fi ń ṣì í tẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó ti mọ́ mi lára. Táwọn tí ò fẹ́ Word bá wà níbí, Keyman wà, ọ̀fẹ́ ni, ó ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo lórí kọ̀ǹpútà.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni AutoCorrect. Ẹ lọ sí File, Options, Proofing, AutoCorrect Options. Ẹ máa rí ibì kan tí wọ́n kọ Replace sí àti ibì kan tí wọ́n kọ With sí. Mo kọ yrb sí ti àkọ́kọ́, mo kọ Yorùbá sí ìkejì, láti ọjọ́ náà tí mo bá ti tẹ yrb tí mo tẹ space, Yorùbá ló ń jáde pẹ̀lú àmì ẹ̀ pé pérépéré. Mo ṣe nkn fún nǹkan, awn fún àwọn, pll fún pẹ̀lú, gbg fún gbogbo. Ní báyìí wọ́n ti lé ní 200. Ohun kan ṣá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tó ní ju ìtumọ̀ kan lọ síbẹ̀. Mo fi oko síbẹ̀ nígbà kan kó máa di ọkọ, lẹ́yìn náà ni mo rí i nínú ìtàn bàbá àgbẹ̀ kan pé "ó lọ sí ọkọ láàárọ̀". Oko wà, ọkọ wà, ọkọ́ wà, ọkọ̀ wà, ọ̀kọ̀ náà wà, ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyẹn lẹ ṣì gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara yín tẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti iná. Désítọ́ọ̀pù ni mò ń lò nígbà yẹn, kò ní bátìrì, UPS abẹ́ ẹ̀ tó yẹ kó gbé e ró fúngbà díẹ̀ tíná bá lọ ti kú tipẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú bàbá kan ló wà níwájú mi, oríkì wà níbẹ̀, ìtàn ayé wọn, orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ojú ìwé 23, mi ò sì tíì sééfù ẹ̀ láti àárọ̀. Wọ́n mú iná lọ. Mo jókòó sínú òkùnkùn níbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀, torí ọjọ́ kejì làwọn ọmọ olóògbé ń bọ̀ wá gbà á. Iná jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni mo lọ yá, mo tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, orúkọ ọmọ-ọmọ kan sì fò mí, ìdílé yẹn ò sì gbàgbé ẹ̀.

Ctrl+S ti wọ̀ mí lẹ́gungun báyìí. Tí gbólóhùn bá ti parí, ìka mi ti wà níbẹ̀. Word fúnra ẹ̀ máa ń tọ́jú ẹ̀dà kan pamọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ lè lọ sí File, Options, Save kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú méjì, àmọ́ ẹ má gbára lé e tán o, ẹni tí ò sééfù ni wọ́n ṣe é fún, kò rọ́pò sééfù. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé níbi mẹ́ta lọ́dọ̀ mi: orí kọ̀ǹpútà, inú fláàṣì, àti Google Drive. Fláàṣì oníbàárà sì rèé, mi ò kì í ṣí i láìjẹ́ pé mo ti fi antivirus yẹ̀ ẹ́ wò, torí fáírọ́ọ̀sì tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì pọ̀ nínú wọn.

Orúkọ fáìlì náà ń jẹ àkókò ju bẹ́ẹ̀ yẹn lọ. Tẹ́lẹ̀, "project final", "project final 2", "final last" ló kún ibẹ̀, mo sì ti tẹ èyí tí kì í ṣe òun jáde fún oníbàárà rí, bébà 90 ló ṣòfò, owó mi ló bá a lọ. Ọdún ni mo fi ń ṣáájú báyìí, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ tẹ̀ lé e, bíi 2024-03-09, torí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń to orúkọ láti iwájú, tí ọjọ́ bá ṣáájú, ti oṣù kẹta àti ti oṣù kọkànlá á dà pọ̀ mọ́ra. Mo tún ní fódà òfìfo kan tí fódà mẹ́ta wà nínú ẹ̀, èyí tí wọ́n gbé wá, èyí tí mò ń ṣe, èyí tí mo ti fi ránṣẹ́. Tí oníbàárà tuntun bá dé, mo kàn kọ́pì ẹ̀, mo kọ orúkọ ẹ̀ sí i.

Tí kọ̀ǹpútà bá ń falẹ̀, ẹ tètè wò ó kẹ́ ẹ tó ní ẹ fẹ́ ra òmíràn. Ctrl+Shift+Esc ń ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Startup, ẹ máa rí gbogbo ohun tó ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ tí ẹ ò rán níṣẹ́. Mo ní mọ́kànlá, mo pa mẹ́jọ nínú wọn. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n bá mi yọ hard disk àtijọ́, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, kí wọ́n fi SSD, irú èyí tó yára jù ú lọ, sí i, láptọ́ọ̀pù tó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó jí, kí n tó fa àga jókòó báyìí ó ti wà ńlẹ̀. Tó bá jẹ́ dátà fóònù lẹ ń lò, ẹ lọ sínú Wi-Fi ní Settings kẹ́ ẹ tan Metered connection, á dín bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fa nǹkan ńlá wọlé lẹ́yìn yín kù.

Àwọn kéékèèké tó kù: Alt+Tab láti ti fáìlì kan bọ́ sí èkejì. Windows+V ń fi ohun 25 tẹ́ ẹ kọ́pì kẹ́yìn hàn yín, ẹ máa tàn án lẹ́ẹ̀kan, ó dáa gan-an tẹ́ ẹ bá ń kó orúkọ àti àdírẹ́sì. Shift+F5 nínú Word ń dá yín padà síbi tẹ́ ẹ ti ṣíwọ́ iṣẹ́, èmi ò mọ bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ láìsí i.

Lánàá, màmá kan láti Ọjà'ba mú ìtàn ìdílé wọn wá, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú nótùbúùkù méjì, oríkì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá Tóbi, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí àmì kankan sọnù, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ló fẹ́ kà á." Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Mo táìpù, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, mo pe màmá lórí fóònù láti bi wọ́n ní orúkọ mẹ́ta tí mi ò rí kà dáadáa, mo fi ránṣẹ́. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni mo pa láptọ́ọ̀pù dé, Tóbi ti wọlé, àwa méjèèjì jọ jókòó sẹ́yìnkùlé, a ń já ewédú.